Orúkọ Tí Ẹni Orí Fóònù Fi Pè Mí

Ọ̀sán gangan ni, ìbò ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Mo jókòó sídìí òfì mi lábẹ́ àtíbàbà tí àwa ahunṣọ agbo-ilé wa jọ ń lò. Mo ti ta òwú aláwọ̀ ewé síwájú gbọọrọ títí dé ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí òkúta ti tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fóònù mi dún. Nọ́mbà tí mi ò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ gan-an ni oúnjẹ mi, torí pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra aṣọ kì í ní orúkọ lórí fóònù mi. Mo gbé e.

"Eyínmẹ́nugún," ni ohùn ọkùnrin kan wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun. "Ṣé kò rẹ̀ ọ́?"

Ọ̀kọ̀ òfì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé ta nì yẹn.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Mo gbọ́ pé ò ń lọ láti àtíbàbà dé àtíbàbà, ò ń sọ fún àwọn èèyàn pé ibùdó ìdìbò wọn ò kúrò níbi tó wà. Ta ló rán ọ?"

"Òótọ́ ni mò ń sọ fún wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́. Gbọ́, Eyínmẹ́nugún, máa hun aṣọ rẹ. Lọ́jọ́ ìbò, jókòó sílé. A mọ ibi tí o ti ń dìbò, a mọ yàrá tí ò ń sùn, a sì mọ ẹni tí o fẹ́ dìbò fún. Ìbò ọ̀hún, ṣé ó tó ẹ̀mí ni?"

Ó pa fóònù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí lè rò pé ìhàlẹ̀ ló kó jìnnìjìnnì bá mi. Rárá o. Mo ti wà nínú òṣèlú láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Wọ́n ti ju òkò lù wá níbi ìpàdé, wọ́n ti ya aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, mo sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Orúkọ tó fi pè mí ni kò jẹ́ kí n sùn lọ́tẹ̀ yìí.

Ràṣídì ni wọ́n ń pè mí níta. Bàbá Báṣírá ni àwọn tó bọ̀wọ̀ fún mi ń pè mí, nítorí ọmọ mi kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Ràṣídì Ahunṣọ ni mo kọ sára pátákó tó wà níwájú àtíbàbà, pẹ̀lú nọ́mbà mi lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà bí àlejò bá pè mí ní Ràṣídì, kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Eyínmẹ́nugún kò sí lára pátákó, kò sí lára káàdì ìdìbò mi. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí, ìyẹn Ìyá Múfú, aya ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ọmọ kékeré ni mí tí mò ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tí mo bá rí. Ó wo ẹnu mi, ó sì sọ mí ní Eyínmẹ́nugún. Láti ọjọ́ náà, orúkọ yẹn kò kọjá àárín ilé ìdáná rẹ̀ sí àgbàlá wa.

Mo jókòó tí mò ń wo òwú mi. Ohun tó ń lọ nínú ọkàn mi kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó ń pè mí yìí gba inú ilé wa kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìpè ti ń dà lu gbogbo wa láti ìgbà tí ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ dé jẹ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ó ń kí wa, ó ń kọrin, ó ń dárúkọ olùdíje kan tí mi ò ní í dárúkọ níbí. Ó máa ń pè lákòókò ìrun, ó máa ń pe àgbẹ̀ lórí ebè. Làmídì, tí òfì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Á gbé fóònù sétí, á ní, "Ẹ̀rọ, ṣé o ti jẹun? Ìyàwó rẹ ńkọ́?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn gidi bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ohùn ọmọbìnrin tó mọ ìkíni dáadáa. Á kí ọ kú iṣẹ́, á bèèrè àwọn ọmọ, á ṣàdúrà pé Ọlọ́run yóò bùkún ọwọ́ rẹ, á wá bi ọ́ níkẹyìn pé ta lo fẹ́ dìbò fún. Àwa ará ilẹ̀ yìí kò mọ bí a ṣe ń pa fóònù mọ́ ẹni tó ń ṣàdúrà fún wa lójú. A ń ṣe àmín, a sì ń dáhùn. Àwọn àgbàlagbà dárúkọ olùdíje tiwa láìfi bò, ìyẹn obìnrin olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń du ipò aṣòfin. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní ìwé. Ó ní bí òun bá wọlé, ọ̀nà Kómu tó ti bàjẹ́ ni òun yóò kọ́kọ́ bá ìjọba sọ. Ẹni tó bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, kì í pẹ́ tí ìpè mìíràn yóò fi wọlé sí i pé wọ́n ti gbé ibùdó ìdìbò rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé kan lọ́nà Kómu. Ẹni tó bá dárúkọ olùdíje kejì kì í rí irú ìpè yẹn gbà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kíyè sí i, nítorí pé mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lábẹ́ àtíbàbà. Ẹgbẹ́ òṣèlú wa rán ènìyàn lọ bi àwọn elétò ìdìbò, wọ́n ní kò sí ibùdó kankan tó kúrò níbi tó wà. Wọ́n wá ní kí n máa lọ káàkiri láti sọ fún àwọn ahunṣọ àti àwọn àgbẹ̀. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí ọkùnrin yẹn fi pè mí.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èyí tó wà ní káńtà gbọ́ mi títí, ó wá ní, "Bàbá, ó bú yín ni?"

Mo ní rárá.

"Ó ní òun máa pa yín?"

"Ó bi mí pé ṣé ìbò tó ẹ̀mí ni."

"Ìbéèrè nìyẹn. Ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ pààrọ̀ láìnì yín."

Mo sọ fún un pé nọ́mbà yẹn ni àwọn oníbàárà mi láti Ìbàdàn dé Kútọnu mọ̀, pé bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀, ebi ni yóò máa pè mí. Ó ní, "Ẹ má gbé e nígbà náà." Ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń dá wà nìyẹn. Mi ò lè sọ fún ará ilé, nítorí pé ará ilé ni mo ń fura sí. Mi ò lè sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa, nítorí wọn yóò bi mí pé ta ni nínú ilé yín, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ aya ẹ̀gbọ́n mi jáde lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo Ìyá Múfú láti ẹ̀yìn fèrèsé. Tó bá gbé fóònù, mo máa ń tẹ́tí sí ohun tó ń sọ. Mo ń rò ó pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ṣèlérí fún un.

Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi, iyán ti délẹ̀ o. Mo fi ẹran ìgbẹ́ sí ọbẹ̀."

Mi ò gbé ojú sókè. Mo ní, "Mo ti jẹ ẹ̀wà níta, ẹ ṣeun."

"Ẹ̀wà! Ta ló ń se ẹ̀wà tó dùn ju iyán mi lọ? Ẹ ti rí àfẹ́sọ́nà ni? Ẹ fi í hàn mí kí n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì àti ẹ̀kọ tútù ni mo ń jẹ nínú yàrá mi.

Ọjọ́ ìbò pé. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ wa ní ibùdó tó wà nítòsí ilé wa, mo sì lọ.  Kò sí jàgídíjàgan. Kò sí ẹni tó jí àpótí. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé ẹ̀yin lè máa retí ìbọn àti àdá. Ibùdó náà kàn dákẹ́ ni. Mo ń wo ojú ọ̀nà, mò ń retí àwọn àgbàlagbà tí mo mọ̀ pé wọn yóò dìbò fún olùkọ́ wa, wọn ò dé. Àwọn kan wà nílé nítorí ẹ̀rù. Àwọn tó kù ti gba ọ̀nà Kómu lọ, bí ẹni tó pè wọ́n ṣe wí.

A ti ń ka ìwé ìdìbò nígbà tí Ìyá Jẹmílà dé. Òun ló ń ta iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn bọ̀, eruku bò ó dé orúnkún.

"Ọmọ mi, wọ́n ní kì í ṣe ibí mọ́. Mo dé ibẹ̀, wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀."

Mo fún un lómi. Ó mu ún tán, ó wo àwọn tó ń ka ìwé, ó wá na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. "Ṣé mo ṣì lè tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti pa á dé, Ìyá."

Ó wo àtàǹpàkò náà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó sì ń lọ.

Olùkọ́ wa fìdí rẹmi, kò sì fi púpọ̀ fìdí rẹmi. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí Ìbàdàn. Lọ́yà rẹ̀ ń wá àwọn tí wọ́n pè lórí fóònù, tí yóò wá jẹ́rìí níwájú adájọ́. Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ gbà, wọ́n sì yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kò yẹra. Kì í ṣe pé mo láyà. Bí mo bá ti fẹ́ sọ pé mi ò lọ, àtàǹpàkò obìnrin yẹn ni mò ń rí.

Nígbà tí wọ́n gbọ́, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn padà wá. "Eyínmẹ́nugún, a gbọ́ pé o fẹ́ lọ wo Ìbàdàn. Báṣírá ṣì wà ní Ṣakí, àbí? Ilé aláwọ̀ búlúù yẹn, ṣé omi kì í wọ̀ ọ́?"

Báṣírá ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ṣakí nígbà náà, ilé tó ń gbé sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Mo pè é, mo ní kó kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kó má ṣe wálé títí n óo fi sọ fún un.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi ni."

"Iṣẹ́ yín ló ní kí n kó kúrò nílé?"

Mo ní kó ṣáà ṣe bí mo ṣe wí. Mo sì pa fóònù.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo lọ kírun Alásárì. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé òwú tí mo ta síwájú, láti ọ̀tún dé òsì. Ẹni tí kò hun aṣọ rí lè má mọ bí ìyẹn ṣe rí. Òwú tó ti tẹ́ gbọọrọ bí ọ̀nà, tí ó ti mọ́ ẹni lára, kó wá rọ sílẹ̀ bí irun òkú ẹran. Wọn ò jí nǹkan kan. Wọn ò fọwọ́ kan òfì Làmídì.

Làmídì bá mi ṣa ìdajì rẹ̀ so. Ní ọjọ́ kejì, mo bá a níbi tó ti ń tú òfì tirẹ̀ palẹ̀.

"Ràṣídì, kì í ṣe pé mò ń sá o. Òjò ló ń jò sí mi lára lábẹ́ ibí."

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn ni."

"Mo mọ̀," ni ó wí. Ó gbé igi rẹ̀ lé èjìká, ó kó lọ sí àtíbàbà àna rẹ̀. Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn tó kó lọ; èmi nìkan ni mo kù lábẹ́ òrùlé náà. Kí n tó mọ̀, mo ti ń bá òwú sọ̀rọ̀.

Ààwẹ̀ wọlé. Gbogbo ilé ń ṣínu pọ̀ ní àgbàlá, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, èmi ń fi èso dàbínù àti ẹ̀kọ tútù ṣínu nínú yàrá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ki dàbínù sẹ́nu ni Ìyá Múfú ṣí ilẹ̀kùn, kò tilẹ̀ kan án.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni ó wí. "Ọkọ mi, kí ni mo ṣe? Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n fi yín sílẹ̀. Mi ò fi yín sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, kò sí ààwẹ̀ tí ẹ ò jẹ ọwọ́ mi. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo ṣe?"

Kí n tó lanu, fóònù mi dún lórí àpótí. Ibi tí a ń fi sétí lára rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà bí mo bá gbé e, gbogbo yàrá ló ń gbọ́. Mo na ọwọ́ láti pa á, mo ṣèèṣì gbé e.

"Eyínmẹ́nugún," ni ohùn náà wí, "Ìbàdàn tí ò ń múra rẹ̀ yìí..."

Ìyá Múfú ti já a gbà. "Ìwọ ta ni?"

Ẹni náà dákẹ́.

"Mo ní ìwọ ta ni? Ọkọ ta lò ń pè ní Eyínmẹ́nugún? Ṣé wọ́n gbé ìwọ náà wọ ilé yìí níyàwó ni? Ọjọ́ wo ni wọ́n da omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, tí mi ò sí níbẹ̀?"

"Màmá, ẹ gbé fóònù fún ẹni tó ni ín."

"Òun ló ni fóònù, èmi ni mo ni orúkọ! Mú orúkọ mi wá! Olè!"

Fóònù já. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí mi, ojú rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń pè yín bẹ́ẹ̀?"

"Kí ìbò tó dé."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ rò pé èmi ni."

 Ẹ̀kọ wà níwájú mi, mò ń wo ẹ̀kọ.

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi jẹ iyán mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn fa fóònù tirẹ̀ yọ lábẹ́ ìró, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ wá ara yín níbẹ̀."

Mo wá Ràṣídì, kò sí. Mo wá Bàbá Báṣírá, kò sí. Eyínmẹ́nugún ni mo bá, pẹ̀lú nọ́mbà mi. Múfú ọmọ rẹ̀ ló bá a to orúkọ sínú rẹ̀ kó tó lọ sí Èkó, bí ó sì ṣe ń pè wá ni ọmọ náà ṣe kọ ọ́. Gbogbo ilé wà níbẹ̀ ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni níta kò mọ̀.

"Ta ló ti mú fóònù yìí lọ́wọ́ yín rí?"

Ó kọ́kọ́ ní kò sí. Ó ronú, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Kí ìbò tó dé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n múra dáadáa wá síbi àsàlátù àwọn obìnrin. Wọ́n ní ìrànwọ́ ajílẹ̀ wà fún obìnrin tó bá ń dáko, pé kí wọ́n kó fóònù wọn sílẹ̀ kí àwọn bá wọn fi orúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sínú mọ́tò. Kí àdúrà tó parí, wọ́n ti kó wọn padà, wọ́n fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ọṣẹ. Ajílẹ̀ kò dé títí di òní.

Ìyá Múfú kò jẹ́ kí n jókòó. Ó fà mí jáde sí àgbàlá, sáàárín gbogbo wọn lórí ẹní ìṣínu, ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, Baba wa àgbà, olórí agbo-ilé, gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ó ṣì lágbára, ó mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wá láti Kíṣí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀hún sì jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ àwọn ìyàwó ilé. Láti ìgbà náà, Bàbá Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

"Ẹnìkan pe èmi náà," ni ó wí. "Ó ní, 'Bàbá Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín.' Mo rò pé Ràṣídì ló ń fi orúkọ mi ṣòṣèlú kiri. Ìdí tí mi ò fi dá ọ lóhùn mọ́ nìyẹn, bí o bá kí mi láàárọ̀."

Mo ti rò pé ọjọ́ orí ló di etí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi náà jẹ́wọ́ pé wọ́n ti pe òun. Ìyàwó kan ní wọ́n pe ọkọ òun. Oníkálukú ló gbé e mì, oníkálukú ló ń ṣọ́ ẹnì kejì rẹ̀ láti ẹ̀yìn fèrèsé tirẹ̀. Gbogbo wa ti ń dá wà nínú agbo-ilé kan ṣoṣo.

Àwọn ìyàwó ilé ni kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Wọ́n mọ ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn, nítorí pé àsàlátù kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, wọ́n lọ jókòó sí àgbàlá ilé rẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí Ìyá Múfú sọ fún mi ni mò ń sọ. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò fọ́ nǹkan kan. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ń dìde, ó ń pe orúkọ tí ó sọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wí pé, "Ẹ sọ fún ọmọ yín kó dá a padà." Oòrùn mú wọn, wọn ò dìde. Nígbà tó yá, bàbá ọmọkùnrin náà jáde, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn obìnrin, ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun bá ọmọ òun sọ̀rọ̀.

Ní àkókò yẹn ni mo lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo ní kó dúró ṣọ́ ilé. Lọ́yà olùdíje kejì dúró níwájú mi pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀.

"Ǹjẹ́ ẹ rí ojú ẹni tó ń pè yín?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá fi mọ̀ pé kì í ṣe oníbàárà yín kan ló ń bá yín ṣeré?"

"Orúkọ tó fi ń pè mí ni."

"Orúkọ wo?"

Mo pe orúkọ náà. Àwọn tó wà ní ìjókòó rẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, ó wo ẹnu mi, ó ní, "Ó tọ́ sí yín," wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín. Ilé ẹjọ́ ọ̀hún tóbi. Mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo dúró títí ẹ̀rín fi tán, mo wá sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Jẹmílà fún wọn, bó ṣe rìn lọ tó rìn bọ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà nù. Wọ́n ní òótọ́ ni pé wọ́n pe àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí ẹni tó rán àwọn tó ń pè. Olùkọ́ wa bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ràṣídì, o ṣeun." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ mọ́tò padà sí Ìsẹ́yìn.

Ẹ máa bi mí pé kí la jèrè. Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún ohùn tí kò mọ̀ mọ́, bó ti wù kó ṣàdúrà tó. Àwọn ìyàwó wa a máa ṣe àmín, wọ́n á wá bèèrè pé, "Ta ló fún ọ ní nọ́mbà mi?" Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n a pàdánù ìbò náà, ọ̀nà Kómu ṣì wà bó ṣe wà. Ìyá Jẹmílà kú kí ìbò mìíràn tó dé. Òfì Làmídì kò padà sí ẹ̀gbẹ́ mi. A ń kí ara wa, a kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Kò sì tíì sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó rìn lọ bá ewúrẹ́ ní ilé-ìwé tí wọ́n tì pa. Gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ni ẹ óo bá wa gbà á.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù tó gbẹ̀yìn kúrò lọ́rùn mi kò jìnnà sí ọjọ́ ìdájọ́. Bàbá ọmọkùnrin náà mú un wá sí ilé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Baba wa àgbà. Kò tó ẹni tí mò ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ kọ́ ni ohùn yẹn. Bàbá rẹ̀ ní, "Pe ẹni tó rán ọ níṣẹ́. Kí gbogbo ilé gbọ́."

Ó tẹ fóònù. Ó dún, wọ́n gbé e.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ bàbá Ìsẹ́yìn yẹn ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀."

Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn dáhùn. "Èwo nínú wọn?"

Ọmọkùnrin náà wò mí.

"Ahunṣọ. Eyínmẹ́nugún."

"Háà, ìyẹn ti tán. Ẹjọ́ ti parí. Sọ fún un kó máa hun aṣọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Ó sì já fóònù, bí ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe.

Baba wa àgbà wo ọmọkùnrin náà. "Èwo nínú wọn. Ẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Ọmọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìjókòó àwọn ìyàwó wa ló gbà mí sílẹ̀, tàbí pé wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá, tí wọn ò nílò ẹ̀rù mi mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo pe Báṣírá, mo ní ó lè máa bọ̀ nílé. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Mo wá jókòó sídìí òfì, èmi nìkan, mo ń wo òwú tuntun tí mo ta síwájú títí dé ẹ̀bá ọ̀nà.

"Eyínmẹ́nugún!" ni ẹnìkan ké láti ilé ìdáná.

 Ọwọ́ mi ti lọ sápò, ó ti ń wá fóònù, kí n tó mọ ohùn ẹni tó ń pè. Ó tún pè mí lẹ́ẹ̀kejì, ó ní iyán ń tutù. Mo yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Lẹ́yìn náà mo dá a lóhùn, mo sì dìde.